Mọ́nítọ̀ Olówó Gọbọi: Ṣé Ó Tó Iye Tí Wọ́n Ń Tà Á?

Mọ́nítọ̀ kọ̀ǹpútà tí owó rẹ̀ kò tó 150 dọ́là wà lọ́jà, èyí tí wọ́n ń tà ní 1,500 dọ́là wà, èyí tí owó rẹ̀ sì tó owó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ náà wà. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ àti àwòrán láti inú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń gbé e síwájú ẹni tó ń wò ó. Ohun tó yẹ kí olùrà mọ̀ ni ohun tí owó tó lé lórí yẹn ń rà, àti irú ẹni tí ohun náà wúlò fún.

Oṣù Kẹfà ọdún 2019 ni ọ̀rọ̀ yìí gbòde. Ní ìpàdé ọdọọdún tí ilé-iṣẹ́ Apple máa ń ṣe fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, èyí tó wáyé ní ìlú San Jose ní ìpínlẹ̀ California, wọ́n ṣe àfihàn mọ́nítọ̀ kan tí wọ́n pè ní Pro Display XDR. Iye rẹ̀ jẹ́ 4,999 dọ́là. Nígbà tí wọ́n kéde pé ẹsẹ̀ tí mọ́nítọ̀ náà yóò fi dúró kò sí nínú iye yìí, pé 999 dọ́là ni ẹsẹ̀ nìkan, àwọn èrò inú gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹni tó bá tún fẹ́ irú gíláàsì tí kì í jẹ́ kí iná yàrá máa kọ mànà lójú rẹ̀ yóò fi 1,000 dọ́là kún un. Láìtíì ka owó orí, mọ́nítọ̀ kan ṣoṣo di 6,998 dọ́là.

Síbẹ̀, lórí pèpéle kan náà, Apple fi mọ́nítọ̀ yìí wé àwọn tí àwọn oníṣẹ́ fíìmù ń lò, tí owó tiwọn jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún dọ́là àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó jẹ́ ọ̀wọ́n gógó lójú ẹnì kan jẹ́ ẹ̀dínwó lójú ẹlòmíràn. Nítorí náà, a kò lè dáhùn ìbéèrè yìí láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ tú mọ́nítọ̀ palẹ̀, kí a sì wo ohun tí owó ń ṣe sí ẹ̀yà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó wà nínú mọ́nítọ̀

Ojú mọ́nítọ̀ kún fún àwọn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tín-tìn-tín tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan pín sí ọ̀nà mẹ́ta: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Bí ìmọ́lẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń ga tí wọ́n ń rẹlẹ̀ ni ojú fi ń rí gbogbo àwọ̀ tó kù.

Nínú mọ́nítọ̀ LCD, tó jẹ́ irú èyí tó pọ̀ jù lọ, iná LED ló wà lẹ́yìn. Láàárín iná yìí àti gíláàsì iwájú ni kírísítálì olómi kan wà tí iná mànàmáná ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bó bá ṣe yí ni ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe kọjá tó. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. TN ló rọrùn láti ṣe jù, àmọ́ bí ènìyàn bá gba ẹ̀gbẹ́ wò ó, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà. VA máa ń gbé dúdú tó jinlẹ̀ jáde. IPS, tí ilé-iṣẹ́ Hitachi ti ilẹ̀ Japan gbé jáde ní 1996, ni àwọ̀ rẹ̀ dúró ṣinṣin láti ìhà gbogbo, òun sì ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ àwòrán ń lò. Irú mọ́nítọ̀ kejì ni OLED, tí kò ní iná kankan lẹ́yìn: píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ló ń tan iná ara rẹ̀, tó sì lè pa á pátápátá.

Iye ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ojú mọ́nítọ̀ gan-an kò pọ̀. Lára wọn ni LG Display àti Samsung Display ní Kòríà Gúúsù, BOE ní Ṣáínà, AUO àti Innolux ní Taiwan. Gíláàsì ńlá kan, tó lè fẹ̀ tó mítà méjì ó lé lọ́nà méjèèjì, ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣiṣẹ́ lé lórí, wọn yóò wá gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni gé aṣọ láti ara ìgàn. Eruku bíńtín tó bà lé e nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ lè ba píksẹ́lì jẹ́. Bí ojú mọ́nítọ̀ bá ṣe tóbi tó, tí píksẹ́lì rẹ̀ sì kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí wọn yóò sọ nù ṣe máa pọ̀ tó, ẹni tó ra èyí tó dára ló sì ń san owó èyí tó bàjẹ́.

Ohun tó tẹ̀lé èyí ni pé mọ́nítọ̀ méjì tí orúkọ ara wọn yàtọ̀ lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ilé-iṣẹ́ méjì lè ra ojú mọ́nítọ̀ láti ọwọ́ ẹnì kan, kí èkínní tà á ní ìlọ́po méjì iye tí èkejì ń tà á. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí bẹ́ẹ̀, owó tó lé lórí kò sí lára gíláàsì. Ó wà lára ìdí mìíràn: bí wọ́n ṣe fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, bí wọ́n ṣe tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe kó tó kúrò nílé iṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀, wáráńtì rẹ̀, tàbí orúkọ lásán.

Iye píksẹ́lì àti ibi tí agbára ojú mọ

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn oníṣòwò fi ń polówó ni iye píksẹ́lì. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni iye tó wà nínú ínǹṣì kan. Mọ́nítọ̀ 24 ínǹṣì tó ní píksẹ́lì 1920 × 1080 ní nǹkan bí 92 nínú ínǹṣì kọ̀ọ̀kan. 27 ínǹṣì tó ní 2560 × 1440 ní 109. 27 ínǹṣì kan náà, tó bá jẹ́ 4K, ní 163. Tó bá wá jẹ́ 5K bíi Studio Display tí Apple gbé jáde ní Oṣù Kẹta ọdún 2022, ó ní 218.

Ojú ènìyàn náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Òdiwọ̀n tí àwọn oníṣègùn ojú ń lò fún ojú tó dá ṣáká ni pé, bí a bá pín dígírì kan sí ọ̀nà ọgọ́ta, ìdá kan nínú rẹ̀ ni àlàfo tó kéré jù tí ojú lè dá mọ̀ láàárín nǹkan méjì. Fún ẹni tó jókòó ní 60 sẹ̀ǹtímítà sí mọ́nítọ̀, ìṣirò yìí bọ́ sí nǹkan bíi píksẹ́lì 145 nínú ínǹṣì kan. Láti 92 sí 163, ìyàtọ̀ náà hàn kedere sí ẹnikẹ́ni. Láti 163 sí 218, ẹni tí ojú rẹ̀ mú ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tàbí tó máa ń sún mọ́ mọ́nítọ̀ gan-an, ló máa rí i.

Ẹni tó ń ka Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà lè dán èyí wò fúnra rẹ̀. Kó ṣí ìwé kan tí wọ́n fi àmì ohùn sí dáadáa, kó sì wo ọ̀rọ̀ bí “ẹ̀kọ́” nígbà tí lẹ́tà rẹ̀ bá kéré. Lórí mọ́nítọ̀ tó ní píksẹ́lì 92 nínú ínǹṣì, àmì tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ lè jẹ́ píksẹ́lì kan tàbí méjì péré. Àmì ohùn òkè àti àmì ohùn ìsàlẹ̀ á máa jọra bí ẹ̀gbin tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Lórí mọ́nítọ̀ 4K tó jẹ́ 27 ínǹṣì, ó máa hàn gbangba pé ọ̀kan ń lọ sísàlẹ̀, èkejì ń lọ sókè. Akọ̀wé, olóòtú ìwé ìròyìn, agbẹjọ́rò àti ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí ìwé kíkà jẹ́ iṣẹ́ wọn láti àárọ̀ dalẹ́, máa jàǹfààní níbẹ̀. Nínú ọjà òde òní, irú mọ́nítọ̀ 4K bẹ́ẹ̀ wà láàárín 250 sí 500 dọ́là. Kò pọn dandan kí ènìyàn san 1,599 dọ́là, tó jẹ́ iye Studio Display nígbà tó jáde, kó tó rí ọ̀rọ̀ kà kedere. Àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà Apple nìkan ni wọ́n ní àwíjàre díẹ̀, torí pé ètò inú kọ̀ǹpútà náà bá 5K mu lórí 27 ínǹṣì ju bó ṣe bá 4K mu lọ.

Ìtàn fi hàn pé píksẹ́lì púpọ̀ kì í pẹ́ wọ́n. Ní 2001, ilé-iṣẹ́ IBM gbé mọ́nítọ̀ 22 ínǹṣì kan jáde tó ní 3840 × 2400 píksẹ́lì, 204 nínú ínǹṣì kan. Nǹkan bí 22,000 dọ́là ni wọ́n ń tà á, ó sì lè gba okùn mẹ́rin láti ara kọ̀ǹpútà kó tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tó fi di 2014, mọ́nítọ̀ 4K tí owó rẹ̀ kò tó 1,000 dọ́là ti wà lórí àtẹ. Ẹni tó bá ń ra mọ́nítọ̀ nítorí iye píksẹ́lì nìkan, ohun tí ọjọ́ máa sọ di pọ́ọ́kú ló ń rà.

Àwọ̀ tó péye

Ibi tí owó ti ń sọ̀rọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ní 1996, ilé-iṣẹ́ HP àti Microsoft dá ìlànà àwọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní sRGB, òun ni ọ̀pọ̀ àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì ń tẹ̀ lé. Adobe RGB, ti 1998, gbòòrò jù ú lọ, àwọn oníṣẹ́ fọ́tò àti ìtẹ̀wé sì fẹ́ràn rẹ̀. DCI-P3 ni ti sinimá. Mọ́nítọ̀ tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n máa ń kó sRGB já, àmọ́ kì í sábà kó àwọn méjì tó kù já tán.

Kíkó àwọ̀ já kò tíì tó. Àwọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n pè é. Àwọn tó ń wọn àwọ̀ ní òdiwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Delta E, èyí tó ń sọ bí àwọ̀ tó jáde ṣe jìnnà tó sí àwọ̀ tó yẹ kó jáde. Bí kò bá ju 2 lọ, ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀. Àwọn mọ́nítọ̀ olówó ńlá máa ń jáde láti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn ColorEdge tí ilé-iṣẹ́ EIZO ti Japan ń ṣe tún lọ jìnnà sí i: lára àwọn kan nínú wọn, ẹ̀rọ ìwọ̀n àwọ̀ wà nínú igi etí mọ́nítọ̀ náà, tó máa ń yọ síta fúnra rẹ̀ láti wọn àwọ̀, tó sì máa ń padà wọlé. Wọ́n tún máa ń rí i pé àárín mọ́nítọ̀ kò mọ́lẹ̀ ju igun rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò rọrùn, ìdí sì nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ga. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Ta ni èyí wúlò fún? Ẹ jẹ́ kí a wo Ṣómólú ní ìlú Èkó, níbi tí ilé ìtẹ̀wé pọ̀ sí. Ẹni tó ń ṣe ìwé ìkésíni ìgbéyàwó fi àwọ̀ aṣọ ẹbí hàn oníbàárà lórí kọ̀ǹpútà, oníbàárà gbà pé ó dára. Ìwé jáde láti inú ẹ̀rọ, àwọ̀ ti ṣókùnkùn. Ohun méjì ló sábà ń fà á. Èkínní, kọ̀ǹpútà ń fi ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta dá àwọ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì ń fi tàdáwà mẹ́rin dá tiẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ lè gbé jáde ni tàdáwà lè gbé. Èkejì, mọ́nítọ̀ náà ti mọ́lẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ń jáde láti inú páálí pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó ju 250 nit lọ (nit ni òdiwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ojú mọ́nítọ̀), nígbà tó jẹ́ pé 80 sí 120 nit ni àwọn oníṣẹ́ ìtẹ̀wé máa ń fi í sí.

Àṣìṣe kejì yìí kò nílò mọ́nítọ̀ 2,000 dọ́là. Kí wọ́n dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, kí wọ́n sì ra ẹ̀rọ ìwọ̀n àwọ̀ kékeré tó máa ń wà láàárín 100 sí 300 dọ́là, èyí tí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lè dá owó jọ rà. Mọ́nítọ̀ IPS tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí wọ́n wọn àwọ̀ rẹ̀ dáadáa, sàn ju mọ́nítọ̀ olówó gọbọi tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti ọdún mẹ́ta. Ibi tí EIZO àti irú rẹ̀ ti ń gba owó rẹ̀ padà ni ọ̀dọ̀ ẹni tí àṣìṣe àwọ̀ kan lè mú kó tún odindi iṣẹ́ tẹ̀: ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ páálí ọjà, ìwé àwòrán ńlá, tàbí àkójọ àwòrán ọnà fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn

HDR ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwòrán tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ga púpọ̀, tí òkùnkùn rẹ̀ sì jinlẹ̀ púpọ̀, nínú àwòrán kan náà. Orúkọ yìí wà lára páálí mọ́nítọ̀ pọ́ọ́kú púpọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ lásán ló máa ń jẹ́ níbẹ̀. Ìpele tó kéré jù nínú ètò DisplayHDR, tí wọ́n fi ń jẹ́rìí sí mọ́nítọ̀ HDR, béèrè ìmọ́lẹ̀ 400 nit nìkan, kò sì fi dandan lé e pé kí mọ́nítọ̀ lè dín iná ẹ̀yìn kù ní apá kan kó sì fi í sílẹ̀ ní apá kejì. Lórí mọ́nítọ̀ LCD, HDR tòótọ́ kò ṣeé ṣe láìsí ìyẹn.

Pro Display XDR fi bí iṣẹ́ náà ṣe le tó hàn. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ pín sí ọ̀nà 576, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tàn tó ń kú lọ́tọ̀. Ó lè gbé ìmọ́lẹ̀ 1,000 nit dúró lọ títí, ó sì lè dé 1,600 fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n píksẹ́lì 6016 × 3384 ló ní, èyí tó ju ogún mílíọ̀nù lọ. Ìyẹn ni pé iná kan ṣoṣo ń sìn tó nǹkan bíi píksẹ́lì 35,000. Bí àwòrán bá jẹ́ ìràwọ̀ kan nínú ojú ọ̀run dúdú, iná tó wà lẹ́yìn ìràwọ̀ náà gbọ́dọ̀ tàn, yóò sì tàn sára òkùnkùn tó yí i ká. Ojú yóò rí i bí èéfín funfun fẹ́ẹ́rẹ́. Sony BVM-HX310, tí àwọn tó ń tún àwọ̀ fíìmù ṣe ní Hollywood ń lò, fi ojú LCD méjì lé ara wọn kó lè dènà èéfín yìí ní píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, owó rẹ̀ sì ju 25,000 dọ́là lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ń náwó rẹpẹtẹ sórí fíìmù kan kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì, torí pé ẹni tó ń tún àwọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ní ìdánilójú pé ohun tó rí ni gbogbo ayé máa rí.

OLED ti mú kí òkùnkùn tó jinlẹ̀ sún mọ́ àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ fíìmù. Ní 2022, Dell gbé mọ́nítọ̀ OLED kan, Alienware AW3423DW, jáde ní 1,299 dọ́là. Níbi tí àwòrán bá ti dúdú, píksẹ́lì kú pátápátá. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tó bá dúró sójú kan fún wákàtí púpọ̀ lójoojúmọ́, bí ọ̀wọ́ àmì tó máa ń wà nísàlẹ̀ Windows, lè fi àpá sílẹ̀ tí kì í lọ mọ́. Lára àwọn OLED kan pẹ̀lú, bí wọ́n ṣe to pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù máa ń jẹ́ kí àwọ̀ yọ fẹ́ẹ́rẹ́ létí lẹ́tà. Nítorí náà, ohun tó dára jù fún fíìmù àti géèmù lè má jẹ́ ohun tó dára jù fún akọ̀wé tàbí oníṣirò owó, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ga jù.

Ìyára

Mọ́nítọ̀ 60 Hz ń pààrọ̀ àwòrán ní ìgbà ọgọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé àwòrán kọ̀ọ̀kan ń lo nǹkan bíi mílíṣẹ́kọ́ǹdì 16.7. Tó bá di 120 Hz, ó di 8.3. Tó bá di 240, ó di 4.2. Tó bá di 480, ó di 2.1. Ẹni tó kúrò ní 60 lọ sí 120 jèrè mílíṣẹ́kọ́ǹdì mẹ́jọ ó lé díẹ̀. Ẹni tó kúrò ní 240 lọ sí 480 jèrè méjì péré, owó rẹ̀ sì lè tó ìlọ́po mẹ́ta. Bí ènìyàn bá ń ṣí ojú ìwé gígùn lọ sísàlẹ̀, yóò rí ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ lójú ẹsẹ̀: lẹ́tà kì í fọ́ lójú mọ́ bó ṣe ń lọ. Ìyàtọ̀ ìkẹyìn, àwọn tó ń fi géèmù ìbọn díje ló ń wá a. Mọ́nítọ̀ 144 Hz sì ti wà nísàlẹ̀ 200 dọ́là. Studio Display ti 2022, tí owó rẹ̀ jẹ́ 1,599 dọ́là nígbà tó jáde, kò kọjá 60. Ẹ̀rí nìyẹn pé owó gíga kò túmọ̀ sí pé gbogbo nǹkan ló ga.

Ohun tí owó ń rà yàtọ̀ sí àwòrán

Apá kan nínú owó mọ́nítọ̀ olówó ńlá kò kan àwòrán rárá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí Studio Display jáde, ẹni tó fẹ́ ẹ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń lọ sókè sódò ní láti fi 400 dọ́là kún un. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ní ihò mẹ́rin lẹ́yìn, tí ènìyàn lè fi dè é mọ́ apá irin tí owó rẹ̀ kò tó 100 dọ́là. Lára Studio Display, àfi kí ènìyàn pinnu nígbà tó ń rà á bóyá ẹsẹ̀ tàbí ihò ni òun fẹ́.

Àwọn nǹkan mìíràn wúlò lóòótọ́. Okùn USB-C kan ṣoṣo lè gbé àwòrán, kó sì tún máa fi iná sí láptọ́ọ̀pù. Kámẹ́rà àti gbohùngbohùn tó dára lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ríra wọn lọ́tọ̀. Wáráńtì náà kò kéré: Dell ti pẹ́ tó ti ń bá ẹni tó ra UltraSharp pààrọ̀ rẹ̀ bí píksẹ́lì kan ṣoṣo bá ń tàn láìdáwọ́ dúró, nígbà tí ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ pọ́ọ́kú gbà kí mélòó kan bàjẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Àmọ́ wáráńtì tí ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe wà lókè òkun kì í ran ẹni tó wà ní Ìbàdàn lọ́wọ́ púpọ̀. Kí ènìyàn tó san owó lé e, kó bèèrè ẹni tó máa gbà á padà àti ibi tó wà.

Ìlera ojú tún jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń polówó. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ojú ní Amẹ́ríkà, American Academy of Ophthalmology, ti sọ pé kò sí ẹ̀rí pé ìmọ́lẹ̀ búlúù láti ojú kọ̀ǹpútà ń ba ojú jẹ́. Ohun tó ń mú ojú rẹni ni pé ènìyàn kì í ṣẹ́jú tó nígbà tó bá tẹjú mọ́ nǹkan. Ìmọ̀ràn wọn kò gba kọ́bọ̀: lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kí ènìyàn wo ohun tó jìnnà tó nǹkan bíi mítà mẹ́fà fún ogún ìṣẹ́jú àáyá, kó sì jókòó ní nǹkan bí ìnà apá kan sí mọ́nítọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí olùrà ṣọ́ra fún ni pé iná àwọn mọ́nítọ̀ pọ́ọ́kú kan máa ń ṣẹ́jú wìrìwìrì nígbà tí wọ́n bá dín in kù, èyí tó ń fún àwọn kan ní ẹ̀fọ́rí.

Ìṣirò ọdún

Mọ́nítọ̀ máa ń pẹ́ ju kọ̀ǹpútà lọ. Ènìyàn lè pààrọ̀ láptọ́ọ̀pù lẹ́ẹ̀mejì kí mọ́nítọ̀ kan tó gbó. Ó tọ́ kí a pín owó rẹ̀ sórí ọdún tó máa lò. 1,599 dọ́là lórí ọdún mẹ́jọ jẹ́ nǹkan bí 200 dọ́là lọ́dún. 350 dọ́là lórí ọdún méje jẹ́ 50. Bí ènìyàn bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, fún 250 ọjọ́ lọ́dún, wákàtí 2,000 nìyẹn: sẹ́ńtì mẹ́wàá fún wákàtí kan lórí èkínní, sẹ́ńtì méjì àbọ̀ lórí èkejì. Fún ẹni tí wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọgbọ̀n dọ́là, ìyàtọ̀ yìí kò tó nǹkan. Fún ọmọ ilé-ìwé gíga tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá, owó oúnjẹ ni.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, iná tún wọ inú ìṣirò yìí. Mọ́nítọ̀ 24 ínǹṣì lásán ń jẹ nǹkan bí ogún wáàtì. Mọ́nítọ̀ HDR ńlá lè ju 100 lọ nígbà tó bá mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ń fi bátìrì inverter ṣiṣẹ́ láàárọ̀ gbọ́dọ̀ ro ìyẹn mọ́ ọn.

Tòkunbọ̀ ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà jẹ àǹfààní mọ́nítọ̀ gidi láìsan owó gidi. Ní Computer Village ní Ìkẹjà, àwọn mọ́nítọ̀ tí ọ́fíìsì òkè òkun ti lò tẹ́lẹ̀ wà lórí àtẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ IPS tí ẹsẹ̀ wọn ń lọ sókè sódò. Kí olùrà mú láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ lọ, kó ṣí àwòrán funfun, dúdú, pupa, ewé àti búlúù tó kún ojú mọ́nítọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí funfun ni yóò ti rí igun tó ti pọ́n. Lórí dúdú ni yóò ti rí píksẹ́lì tó ń tàn níbi tí kò yẹ. Lórí àwọ̀ tó kù ni yóò ti rí èyí tó ti kú.

Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́

Ní àkópọ̀, owó àkọ́kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ jù. Láti mọ́nítọ̀ 100 dọ́là sí 400 dọ́là, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ pọ̀, gbogbo ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ló sì máa rí i: lẹ́tà tó hàn kedere, àwọ̀ tó dúró, ẹsẹ̀ tó ṣeé gbé sókè. Láti 400 sí 1,500, ohun tí ènìyàn ń rà ti di ohun kan pàtó, ìyára, òkùnkùn OLED, píksẹ́lì 5K tàbí àwọ̀ tó gbòòrò, ó sì yẹ kó lè sọ èyí tó fẹ́ gan-an àti ìdí rẹ̀. Ju 1,500 lọ, irinṣẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ni, tí àwọn oníṣẹ́ fíìmù, fọ́tò ńlá àti ìtẹ̀wé gidi máa ń ra torí pé àṣìṣe wọ́n ju mọ́nítọ̀ lọ.

Ẹni tí kò bá sí nínú àwọn yẹn, tó sì fẹ́ ra mọ́nítọ̀ 5,000 dọ́là nítorí pé ó wù ú, kò ṣẹ̀. Kó kàn mọ̀ pé ẹwà àti orúkọ ló ń rà. Fún àwọn tó kù, kí wọ́n ra 4K tàbí 1440 tí ojú rẹ̀ jẹ́ IPS, 27 ínǹṣì, kí wọ́n sì fi owó tó bá ṣẹ́ kù ra àga tó dára àti bátìrì tí kì í tètè kú.